Ohun Tí Áàpù Ń Rí Bí A Bá Ń Tẹ̀wé Lórí Fóònù: Àlàyé fún Àwọn Olùgbé Ìpínlẹ̀ Wa

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó máa ń gbé wa dé ọ́fíìsì tàbí báńkì tẹ́lẹ̀ ni a ti ń ṣe lórí fóònù báyìí. Orí fóònù ni a ti ń fowó ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà nílé ẹ̀kọ́, orí rẹ̀ ni a ti ń san owó iná, orí rẹ̀ náà ni a ti ń kọ orúkọ sí fọ́ọ̀mù ìjọba. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ohun kan wà láàárín ọwọ́ wa àti áàpù tí à ń lò. Ohun náà ni kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn àtẹ lẹ́tà tí ó máa ń yọ jáde ní ìsàlẹ̀ ojú fóònù.

Àlàyé yìí dá lórí bí áàpù ṣe ń mọ̀ pé a ti tẹ nǹkan, bí ó ṣe ń mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù ti yí padà, àti ohun tí èyí túmọ̀ sí fún owó wa, orúkọ wa àti àṣírí wa. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: áàpù kì í dúró de bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ kí ó tó mọ ohun tí a kọ. Láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ó ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra.

Kí ni kíbọ́ọ̀dù jẹ́ gan-an?

Lórí fóònù àtijọ́, bọ́tìnnì gidi ni à ń tẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì 2 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lẹ́tà C ni yóò jáde. Lórí fóònù òde òní, àwòrán ni kíbọ́ọ̀dù. Ètò kọ̀ǹpútà kan ni ó ń ya àwòrán náà sí ojú fóònù. Òun ni ó ń wo ibi tí ìka wa kàn, òun náà ni ó sì ń pinnu lẹ́tà tí yóò fi lé áàpù lọ́wọ́. Ní kúkúrú, kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ jẹ́ áàpù, ó ní ẹni tí ó ṣe é, ó sì ní ohun tí a gbà á láyè láti ṣe.

Láti ọdún 2009, nígbà tí ẹ̀yà 1.5 ti Android jáde, ni àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ní àǹfààní láti ṣe kíbọ́ọ̀dù tiwọn fún fóònù Android. Apple kò gba irú rẹ̀ láyè lórí iPhone títí di ọdún 2014, nígbà tí iOS 8 jáde. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni ti lè gba kíbọ́ọ̀dù tí ó wù ú sórí fóònù rẹ̀: èyí tí ó ní àwọ̀ mèremère, èyí tí ó ní àwòrán ẹ̀rín, tàbí èyí tí ó gbọ́ èdè Yorùbá.

A lè fi kíbọ́ọ̀dù wé akọ̀wé tí àwọn òbí wa máa ń lọ bá nígbà kan kí ó bá wọn kọ lẹ́tà sí ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ń sọ, akọ̀wé ń kọ, ẹni tí a kọ ọ́ sí ń kà á. Kò sí gbólóhùn kan nínú lẹ́tà náà tí akọ̀wé kò gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń yan akọ̀wé tí ó lè pa àṣírí mọ́. Ipò akọ̀wé yẹn gan-an ni kíbọ́ọ̀dù wà lónìí, áàpù sì ni ẹni tí à ń kọ lẹ́tà sí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń rí ohun tí a kọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ó yẹ kí a máa wo ọ̀rọ̀ wọn.

Bí áàpù ṣe ń mọ̀ pé ohun tí a kọ ti yí padà

Nínú àlàyé yìí, àpótí ìkọ̀wé ni a ó máa pe ibi tí a ti ń kọ nǹkan sí nínú áàpù, ìbáà jẹ́ ibi tí a ń kọ orúkọ sí, ibi tí a ń kọ iye owó sí, tàbí ibi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí. Ẹni tí ó ṣe áàpù máa ń fi olùṣọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Iṣẹ́ olùṣọ́ yìí ni láti ké sí áàpù nígbàkígbà tí ohun tí ó wà nínú àpótí bá yí padà. Lórí Android, TextWatcher ni orúkọ tí a ń pè é, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó sì máa ń ké fún àyípadà kọ̀ọ̀kan: nígbà tí àyípadà fẹ́ wáyé, nígbà tí ó wáyé, àti lẹ́yìn tí ó ti wáyé tán. Lórí iPhone, ìkéde kan tí a ń pè ní editingChanged ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lójú wa lójoojúmọ́. Bí a bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, tí a ti yan báńkì, tí a sì ń tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ẹni tí ó ni àkáǹtì máa ń yọ jáde nínú ọ̀pọ̀ áàpù báńkì ní kété tí nọ́ńbà náà bá pé 10. A kò tíì tẹ bọ́tìnnì kankan. Olùṣọ́ ni ó ń kà á bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó rí i pé ó pé 10, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà àkáǹtì ti máa ń rí ní báńkì Nàìjíríà, ó ké sí áàpù, áàpù sì lọ béèrè orúkọ. Bákan náà ni fọ́ọ̀mù tí ó ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ìyẹn NIN, lè fi lẹ́tà pupa sọ fún wa pé nọ́ńbà wa kò pé, nítorí 11 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Nígbà tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp bá sì rí i pé a ń kọ èsì lọ́wọ́, olùṣọ́ ni ó ti sọ fún áàpù pé ọwọ́ wa ti dé inú àpótí.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé àpótí ni olùṣọ́ ń wò, kì í ṣe ìka. Bí a bá tẹ lẹ́tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò rí i. Bí a bá ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ láti ibòmíràn tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, yóò rí i. Bí a bá fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ tí fóònù sì bá wa kọ ọ́, tàbí tí kíbọ́ọ̀dù dábàá ọ̀rọ̀ kan tí a sì gbà á wọlé, yóò rí i pẹ̀lú. Ìlà tín-ín-rín tí a máa ń rí lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí à ń kọ lọ́wọ́ túmọ̀ sí pé kíbọ́ọ̀dù ṣì lè yí ọ̀rọ̀ náà padà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú àpótí, áàpù sì ti rí i.

Nítorí náà, bí a bá kọ nǹkan tí a sì pa á rẹ́ kí a tó fi ránṣẹ́, kò túmọ̀ sí pé áàpù kò rí i. Bóyá ó tọ́jú rẹ̀ tàbí kò tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó ṣe áàpù náà ni ó kù sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Lórí fóònù, ẹyin lè ti balẹ̀ kí a tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ rárá.

Bí áàpù ṣe ń mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù ti yí padà

Yàtọ̀ sí ohun tí a kọ, áàpù tún lè mọ̀ nípa kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àyípadà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀.

Èkínní ni yíyọ jáde àti wíwọlé kíbọ́ọ̀dù. Fóònù máa ń sọ fún áàpù pé kíbọ́ọ̀dù ti gba apá ìsàlẹ̀ ojú fóònù, kí áàpù lè ti ojú ewé rẹ̀ sókè. Bí ẹni tí ó ṣe áàpù kò bá ka èyí sí, kíbọ́ọ̀dù yóò bo àpótí tí a fẹ́ kọ nǹkan sí mọ́lẹ̀, a ó sì máa tẹ ohun tí a kò rí.

Èkejì ni irú kíbọ́ọ̀dù tí ó jáde. Áàpù ni ó ń sọ pé nọ́ńbà nìkan ni òun ń fẹ́, tàbí pé ọ̀rọ̀ aṣínà ni ó fẹ́ wọlé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, iPhone máa ń gbé kíbọ́ọ̀dù àjèjì kúrò, á sì gbé kíbọ́ọ̀dù Apple fúnra rẹ̀ jáde. Android kò fi dandan ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ fún kíbọ́ọ̀dù pé ọ̀rọ̀ aṣínà ni èyí, ó sì kù sí kíbọ́ọ̀dù náà láti má ṣe kọ́ ọ sórí. Láti Android 8.0, tí ó jáde ní ọdún 2017, áàpù tún lè bẹ kíbọ́ọ̀dù pé kí ó má ṣe fi ohun tí a kọ sínú àpótí kan pàtó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa wa. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ: kíbọ́ọ̀dù olóòótọ́ yóò gbọ́, ti aláìṣòótọ́ lè má gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Bí a bá tẹ àmì àgbáyé tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, tí a kúrò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá, fóònù lè kéde rẹ̀ fún áàpù tí ó wà ní ojú. Áàpù tí a ṣe dáadáa lè lo ìkéde yìí láti ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, kí ó má bàa máa fi ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹni pé àṣìkọ ni.

Ẹ̀kẹrin ni pípààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù pátápátá, bí ìgbà tí a bá yọ ti ilé iṣẹ́ kan tí a fi ti òmíràn sí i. Nítorí èyí ni àwọn áàpù owó kan kì í fi lo kíbọ́ọ̀dù tí ó wà lórí fóònù fún PIN. Wọ́n máa ń ya àtẹ nọ́ńbà tiwọn sí ojú fóònù, àwọn mìíràn a sì máa da nọ́ńbà rẹ̀ rú kí 1 má bàa wà ní ibi tí ó wà lánàá. Ohun tí èyí ń dáàbò bo ni pé kíbọ́ọ̀dù àjèjì kò ní rí PIN wa rárá.

Orúkọ wa àti àmì ohùn

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó kan àwa Yorùbá tààrà. Kọ̀ǹpútà kì í ka lẹ́tà bí ojú wa ṣe ń kà á. Nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń kọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà «é» ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà «ọ» náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n «ọ́» kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. «Ọ» ni a máa ń kọ, tí a ó sì gbé àmì ohùn òkè lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́tà 7 ni ojú wa ń rí nínú Adékọ́lá. Bí kíbọ́ọ̀dù kan bá kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó pa àmì pọ̀ mọ́ lẹ́tà níbi tí ó ti ṣeé ṣe, ẹyọ 8 ni kọ̀ǹpútà yóò kà. Bí kíbọ́ọ̀dù mìíràn bá ya gbogbo àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà, ẹyọ 11 ni yóò kà. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí áàpù kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan kí ó tó fi wọ́n wé ara wọn, yóò sọ pé orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò ẹ̀là tí ó jẹ́ àmì tótó, nọ́ńbà mìíràn pátápátá sì ni ìlà náà ní.

Láti ibí yìí ni àwọn ìṣòro kan ti ń wá tí àwọn olùgbé lè bá pàdé láì mọ ìdí rẹ̀. A tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì ohùn nìkan ni ó lọ, lẹ́tà ṣì dúró. Àpótí sọ pé orúkọ ti gùn jù nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ kò pọ̀. A ń kọ àmì, àmì ń pòórá lójú wa, nítorí olùṣọ́ tí a fi sí àpótí náà gbà láti A dé Z nìkan, ó sì ń yọ ohun yòówù tí ó bá yàtọ̀ dànù bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. A wá ọ̀rọ̀ kan nínú áàpù, a kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, orúkọ ènìyàn náà sì ní ìtumọ̀ tí àmì ohùn ń gbé jáde. Síbẹ̀, níbi tí owó tàbí ìwé ẹ̀rí bá wà, ìṣọ̀kan orúkọ ni ó ṣe pàtàkì jù. A gba àwọn olùgbé níyànjú pé kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí fọ́ọ̀mù bí ó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ wọn gan-an, kí wọ́n sì máa fi àmì sí Yorùbá dáadáa nínú lẹ́tà, ìròyìn àti gbogbo ibi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Gboard, kíbọ́ọ̀dù tí Google ṣe, ní èdè Yorùbá nínú àwọn èdè tí a lè yàn.

Ibi tí ewu wà

Ewu àkọ́kọ́ ni kíbọ́ọ̀dù tí a gbà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ tan kíbọ́ọ̀dù àjèjì lórí Android, fóònù máa ń kìlọ̀ fún wa pé kíbọ́ọ̀dù náà lè gba gbogbo ohun tí a bá tẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà àti nọ́ńbà káàdì báńkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ «OK» láì ka ìkìlọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwọn olùwádìí ààbò rí ibi ìpamọ́ kan tí ó jẹ́ ti kíbọ́ọ̀dù ai.type ní ìta gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà kankan lórí rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju gígábáìtì 570 lọ, ó sì kan àwọn tí ń lo kíbọ́ọ̀dù náà tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 31.

Ewu kejì ni kíbọ́ọ̀dù tí ó ń fi ohun tí a tẹ̀ ránṣẹ́ sí ìta kí ó tó lè dábàá ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ìwádìí Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí kíbọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án tí a fi ń kọ èdè Ṣáínà. Nínú ti ilé iṣẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n ti rí àléébù tí ó lè jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ nígbà tí ó wà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe pé àwọn ilé iṣẹ́ náà gbèrò láti jalè. Bí wọ́n ṣe di ẹrù wọn ni kò lágbára tó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kan gbogbo èdè: ohun tí kò bá kúrò lórí fóònù, a kò lè jí i gbé lójú ọ̀nà.

Ewu kẹta ni fọ́ọ̀mù tí kì í dúró kí a tó fi í ránṣẹ́. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí láti àwọn yunifásítì ní Bẹ́ljíọ́mù, Netherlands àti Switzerland ṣàyẹ̀wò ìkànnì 100,000 tí àwọn ènìyàn ń lọ jù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ wọ́n wò láti Yúróòpù, wọ́n rí i pé ìkànnì 1,844 jẹ́ kí àdírẹ́sì ímeèlì tí a kọ dé ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń tọpa ènìyàn kí ẹni tí ó kọ ọ́ tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ wọ́n wò láti Amẹ́ríkà, iye náà di 2,950. Ìkànnì ni ìwádìí yìí dá lé, kì í ṣe áàpù, ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí a ti ṣàlàyé rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ewu kẹrin ni àṣẹ tí fóònù Android ń pè ní «Accessibility». A dá a sílẹ̀ láti ran àwọn tí ojú ń dùn tàbí tí ọwọ́ wọn kò ṣeé lò dáadáa lọ́wọ́, nítorí náà ó lágbára láti ka ohun tí ó wà lójú fóònù àti ohun tí à ń kọ sínú áàpù mìíràn. Àwọn ọ̀daràn a máa fi àṣẹ yìí jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì. Láti Android 13, tí ó jáde ní ọdún 2022, ni Google ti fi ìdènà kún un fún àwọn áàpù tí a gbà láti ìta ilé ìtajà áàpù. Bí áàpù tí ń yáni lówó tàbí èyí tí ń fi eré bọ́ọ̀lù hàn bá béèrè fún àṣẹ yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ewu karùn-ún ni ohun tí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Láti Android 10, tí ó jáde ní ọdún 2019, áàpù tí kò sí lójú kò lè ka ohun tí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù tí à ń lò ṣì lè kà á. Ẹni tí ó bá ń ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà káàdì báńkì tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn ti fi í han kíbọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí olùgbé kọ̀ọ̀kan ṣe

1. Ẹ mọ kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò. Ẹ ṣí «Settings» lórí fóònù yín, kí ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ èdè àti kíbọ́ọ̀dù wà. Ibẹ̀ kì í rí bákan náà lórí gbogbo fóònù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ «keyboard» sí ibi ìwárí, ẹ ó rí i. Ẹ yọ èyíkéyìí tí ẹ kò rántí pé ẹ gbà síbẹ̀.

2. Ẹ má ṣe gba kíbọ́ọ̀dù láti inú ìjápọ̀ tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ilé ìtajà áàpù tí ó bá fóònù yín wá ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì wo orúkọ ẹni tí ó ṣe é.

3. Bí iPhone ni ẹ ń lò, ẹ má ṣe tan «Allow Full Access» fún kíbọ́ọ̀dù àjèjì bí kò bá nídìí. Bí ẹ kò bá tan án, kíbọ́ọ̀dù náà kò ní àǹfààní láti lo íntánẹ́ẹ̀tì.

4. Ẹ wo àwọn áàpù tí ó ní àṣẹ «Accessibility» nínú «Settings», kí ẹ sì gba àṣẹ náà lọ́wọ́ èyí tí kò yẹ kí ó ní i.

5. Ẹ má ṣe kọ PIN, ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà OTP tí báńkì fi ránṣẹ́ sínú àpótí ọ̀rọ̀ lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe ṣe ẹ̀dà wọn.

6. Kí ẹ tó kọ NIN tàbí BVN sí fọ́ọ̀mù kankan, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹni tí ẹ rò pé ó ni fọ́ọ̀mù náà ni ó ni ín. Kí ẹ tó kọ ọ́ ni ìṣọ́ra wúlò, kì í ṣe kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.

7. Ẹ bá àwọn àgbà inú ilé ṣe é. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ń lo fóònù tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ti lò rí, tí kíbọ́ọ̀dù àti áàpù oríṣiríṣi ti kún inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú wọn, kí a sì ṣàlàyé fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ohun tí a yọ àti ìdí tí a fi yọ ọ́.

Bí ẹ bá fura pé ẹlòmíràn ti rí PIN tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dá àkáǹtì dúró, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà láti orí fóònù mìíràn, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ má ṣe yí i padà lórí fóònù tí ẹ ń fura sí, nítorí kíbọ́ọ̀dù kan náà ni yóò tún rí tuntun.

Ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin

Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà di òfin ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, òun ni ó sì dá Àjọ Ààbò Dátà Nàìjíríà, ìyẹn NDPC, sílẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì tí ó gba ìwífún yín pé kí ni wọ́n gbà, kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ẹ lè ní kí wọ́n tún èyí tí kò péye ṣe, ẹ lè gba ìyọ̀ǹda yín padà, àwọn ìgbà kan sì wà tí ẹ lè ní kí wọ́n pa á rẹ́. Bí ìwífún bá tú síta lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 ni òfin fún ẹni tí ó ni ín ní ìkáwọ́ láti fi tó Àjọ náà létí. Ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú Àjọ náà.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń ṣe áàpù fún ará ìlú

Ìpínlẹ̀ wa kò ṣaláìní àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe áàpù fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. A rọ̀ yín pé kí olùṣọ́ tí ẹ bá fi sí àpótí máa ran ẹni tí ń kọ̀wé lọ́wọ́, kí ó má máa kó ohun tí ẹni náà kò tíì fi ránṣẹ́. Ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ aṣínà sí gbogbo àpótí tí àṣírí bá wọ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnu ọ̀nà dí lẹ́tà Yorùbá. Ẹ gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wọlé, ẹ sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé di ọ̀kan kí ẹ tó fi orúkọ wé orúkọ, kí ẹ sì ka lẹ́tà bí ojú ènìyàn ṣe ń kà á. Ẹ dán áàpù yín wò pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tí ó ju ẹyọ kan lọ, nítorí ohun tí ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀kan lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òmíràn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má lo fóònù, nítorí àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a mọ akọ̀wé tí à ń pe ọ̀rọ̀ fún, kí a mọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá, kí a sì ti mọ méjèèjì kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde lọ́wọ́ wa.